Superman: Ta Ni Alágbára Gan-an?

Ó ṣòro láti rí ọmọdé tí kò mọ aṣọ búlúù yẹn, ìborùn pupa tí ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́yìn, àti lẹ́tà S ńlá tí ó wà láyà. Àwọn mìíràn nínú wa ti bá ọmọ tiwa nínú yàrá, tí ó so tówẹ̀lì mọ́ ọrùn, tí ó gun orí àga, tí ó sì ní òun fẹ́ fò. Ìyá á pariwo, bàbá á sáré dìde. Nígbà tí ara bá rọlẹ̀, ọmọ á wá béèrè ohun kan tí ọ̀pọ̀ òbí kì í mọ bí wọn yóò ti dáhùn rẹ̀: "Dádì, ṣé Superman wà lóòótọ́?"

A rí i pé ìbéèrè náà tó ohun tí a lè jókòó tì. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún tí Superman ti jáde. Ó ti wà nínú ìwé, lórí rédíò, nínú kàtúùnù, ní ilé sinimá àti lórí tẹlifíṣọ̀n. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Àwọn ènìyàn ẹlẹ́ran ara bíi tiwa ni wọ́n gbé akọni yìí dé ọ̀dọ̀ wa, ìtàn tiwọn sì ni ó yẹ kí àwọn ọmọ wa gbọ́.

ÀWỌN Ọ̀DỌ́MỌKÙNRIN MÉJÌ KAN

Ìlú Cleveland ní ìpínlẹ̀ Ohio, ní Amẹ́ríkà, ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Jerry Siegel àti Joe Shuster pàdé ní ilé-ẹ̀kọ́ girama Glenville. Ọdún 1914 ni a bí àwọn méjèèjì. Ọmọ Júù ni wọ́n, àwọn òbí wọn sì ti ilẹ̀ Yúróòpù ṣí wá. Jerry a máa kọ ìtàn, Joe a máa ya àwòrán, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú Joe kò ríran dáadáa. Àsìkò náà le koko. Iṣẹ́ kò sí, owó kò sí. Ní ọdún 1932, àwọn olè wọ ìsọ̀ aṣọ bàbá Jerry. Níbẹ̀ ni bàbá náà ti ṣubú lulẹ̀, tí ó sì kú. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ro ìtàn ọkùnrin kan tí ọta ìbọn kì í wọ̀ lára. Àwọn tí ó mọ ìtàn ìdílé náà máa ń so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀, àwa náà kò sì rò pé wọ́n jìnnà sí òtítọ́.

Ìtàn tí wọ́n kọ ni pé ayé kan tí ń jẹ́ Krypton fẹ́ parun. Bàbá kan gbé ọmọ rẹ̀ jòjòló sínú ọkọ̀ kékeré, ó sì rán an wá sí ilé ayé wa. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ ìtàn Mose nínú apẹ̀rẹ̀ yóò rí ibi tí ó jọ. Ọmọ náà dàgbà di Clark Kent, oníwèé ìròyìn onígíláàsì tí ẹnikẹ́ni kò kà sí. Bẹ́ẹ̀ òun kan náà ni Superman.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí ilé-iṣẹ́ tí ó fẹ́ tẹ ìtàn náà jáde. Nígbà tí ó di oṣù kẹta ọdún 1938, ilé-iṣẹ́ kan gbà á. Ojú-ewé mẹ́tàlá ni, dọ́là 10 sì ni wọ́n san lórí ojú-ewé kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ dọ́là 130 fún àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n nínú ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí, kì í ṣe ojú-ewé mẹ́tàlá nìkan ni wọ́n tà. Wọ́n ta Superman fúnra rẹ̀, títí láé. Nígbà tí ìwé Action Comics àkọ́kọ́ jáde ní ọdún náà, sẹ́ǹtì mẹ́wàá ni wọ́n ń tà á. Ó sì tà wàrà-wàrà.

LÓRÍ RÉDÍÒ ÀTI NÍ SINIMÁ

Ní oṣù kejì ọdún 1940, Superman dé orí rédíò. Bud Collyer ni ó ń sọ̀rọ̀ fún un. Bí ó bá ń ṣe Clark Kent, ohùn rẹ̀ á fẹ́lẹ́. Bí ó bá di Superman, á sọ ohùn náà kalẹ̀ láàárín gbólóhùn kan ṣoṣo, kí ẹni tí kò rí i lè mọ̀ pé ó ti pààrọ̀ aṣọ. Orí rédíò yìí ni òkúta Kryptonite, tí ó máa ń sọ Superman di aláìlágbára, ti kọ́kọ́ jẹyọ ní ọdún 1943. Ní ọdún 1946, ètò náà fi ìpín 16 sọ ìtàn bí Superman ṣe dojú kọ ẹgbẹ́ òkùnkùn kan tí ó ń dààmú ìdílé ará Ṣáínà kan nítorí ẹ̀yà wọn. Gbogbo àgbàlagbà ni ó mọ̀ pé Ku Klux Klan ni wọ́n ń bá wí, ẹgbẹ́ tí ó ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn dúdú ní Amẹ́ríkà. Ètò ọmọdé ni, ṣùgbọ́n ó sọ ohun tí àwọn àgbà mìíràn kò lè la ẹnu sọ.

Ní ọdún 1941, ilé-iṣẹ́ kàtúùnù Fleischer bẹ̀rẹ̀ sí gbé e jáde fún ilé sinimá. Nínú ìwé àkọ́kọ́, fífò bí ìrẹ̀ ni Superman ń fò, tí á tún balẹ̀. Nínú kàtúùnù yìí ni ojú ti wá rí i tí ó ń fò lójú ọ̀run bí ẹyẹ. Ní ọdún 1948, Kirk Alyn gbé aṣọ náà wọ̀ nínú fíìmù onípele 15. Nígbà tí ó bá tó àkókò fún un láti fò, àwòrán ni wọ́n ń yà rọ́pò rẹ̀.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni George Reeves, tí ó ṣe é lórí tẹlifíṣọ̀n láti ọdún 1952 sí 1958, ìpín 104 lápapọ̀. Àwọn ọmọdé fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹfà ọdún 1959, ọgbẹ́ ìbọn ni ó pa á nínú ilé rẹ̀ ní Los Angeles, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 45. Ìjọba ní òun ni ó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Àwọn mìíràn ṣì ń jiyàn rẹ̀ títí di òní. Ẹ ro bí yóò ti rí lára ọmọdé ìgbà náà: ẹni tí ọta ìbọn kì í wọ̀ lára, ìbọn ni ó pa á.

ÀWỌN TÍ Ó DÁ A SÍLẸ̀ DI ẸNI ÌGBÀGBÉ

Níbo ni Jerry àti Joe wà ní gbogbo àkókò yìí? Ní ọdún 1947, wọ́n pe ilé-iṣẹ́ náà lẹ́jọ́. Wọn kò rí Superman gbà padà. Wọ́n pàdánù iṣẹ́ wọn, a sì yọ orúkọ wọn kúrò lórí ìtàn tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1975, Jerry ti di akọ̀wé kékeré ní Los Angeles. Ojú Joe ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán, àbúrò rẹ̀ ni ó sì ń gbọ́ bùkátà rẹ̀. Ọdún náà gan-an ni ìròyìn gbòde pé ilé-iṣẹ́ Warner fẹ́ náwó ńlá sórí fíìmù Superman.

Jerry kọ lẹ́tà kíkorò ránṣẹ́ sí àwọn oníwèé ìròyìn. Àwọn ayàwòrán ẹgbẹ́ wọn, pàápàá Neal Adams àti Jerry Robinson, dìde dúró tì wọ́n. Nígbà tí ọdún náà ń parí lọ, Warner gbà láti máa fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ní dọ́là 20,000 lọ́dún, kí a sì dá orúkọ wọn padà. Láti ìgbà náà ni orúkọ Jerry Siegel àti Joe Shuster ti ń hàn lójú fíìmù. Joe kú ní 1992, Jerry ní 1996.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ èyí. Ní ọdún 2012, wọ́n gbé ìwé sọ̀wédowó tí a fi san dọ́là 130 yẹn sí gbàǹjo, ó sì tà ní dọ́là 160,000. Ní ọdún 2024, ẹ̀dà kan ṣoṣo nínú ìwé Action Comics àkọ́kọ́ tà ní mílíọ̀nù 6 dọ́là. Bí ẹ bá ní ọmọ tí ó ní ẹ̀bùn, ẹ kọ́ ọ láti ka ìwé kí ó tó fọwọ́ sí i. Ebi ọjọ́ kan kò yẹ kí ó ta iṣẹ́ ọjọ́ ayé ẹni.

CHRISTOPHER REEVE

Fíìmù tí Warner ṣe náà jáde ní ọdún 1978. Richard Donner ni olùdarí rẹ̀, Christopher Reeve ni wọ́n sì yàn. Ó ga, ṣùgbọ́n ó rí tẹ́ẹ́rẹ́. Eré ìdárayá ni ó fi sanra kí aṣọ náà tó bá a mu. Wáyà àti ẹ̀rọ agbéǹkan-sókè ni wọ́n fi ń so ó rọ̀, wọ́n á sì tan àwòrán ojú ọ̀run sẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ya àwọn ènìyàn lẹ́nu jù kì í ṣe fífò náà. Ó ní ibi kan tí ó ti bọ́ gíláàsì Clark Kent, tí ó na ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó tẹ̀, tí ohùn rẹ̀ sì rinlẹ̀. Lójú wa báyìí ni ó di ẹlòmíràn, láìsí ẹ̀rọ kankan. Ìgbà mẹ́rin ni ó ṣe Superman, èyí tí ó kẹ́yìn sì jáde ní 1987.

Ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1995, níbi ìdíje ẹṣin ní ìpínlẹ̀ Virginia, ẹṣin rẹ̀ dúró lójijì níwájú ohun tí ó yẹ kí ó fò kọjá. Christopher fi orí sọlẹ̀, ọrùn rẹ̀ sì ṣẹ́. Láti ọrùn dé ẹsẹ̀, kò lè gbé ara rẹ̀ mọ́; ẹ̀rọ ni ó ń bá a mí. Òun fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé òun kọ́kọ́ rò ó pé bóyá kí wọ́n jẹ́ kí òun kú. Dana, ìyàwó rẹ̀, ni ó wí fún un pé òun ni yóò pinnu, ṣùgbọ́n pé lójú tòun kò tíì di ẹlòmíràn, òun sì fẹ́ràn rẹ̀ síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìyàwó yìí ni ó mú un yàn láti wà láàyè.

Kò sì jókòó lásán. Ní oṣù kẹta ọdún 1996, ó fara hàn lórí àga oníkẹ̀kẹ́ níwájú àwọn ènìyàn níbi ẹ̀bùn Oscar, gbogbo ilé sì dìde fún un. Ó darí fíìmù, ó ń rin ìrìn-àjò káàkiri, ó sì ń wá owó fún ìwádìí lórí ìtọ́jú ọ̀pá ẹ̀yìn. Ní ọdún 2003, ó jáde nínú eré tẹlifíṣọ̀n Smallville, tí ó dá lórí ìgbà èwe Superman, níbi tí ó ti ń kọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí yóò di akọni náà. Ó kú ní oṣù kẹwàá ọdún 2004, ní ẹni ọdún 52. Àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró pa Dana ní 2006, bẹ́ẹ̀ kò mu sìgá rí. Will, ọmọ wọn, jẹ́ ọmọ ọdún 13.

KÍ NI A Ó SỌ FÚN ÀWỌN ỌMỌ?

Superman kò tíì sinmi. Brandon Routh ṣe é ní 2006, Henry Cavill ní 2013, David Corenswet ní 2025. Ní 2013, àwọn tí ń polówó fíìmù náà tilẹ̀ pe àwọn pásítọ̀ Amẹ́ríkà wá wò ó, wọ́n sì pèsè ìlànà ìwàásù tí ó fi Superman wé Jésù. A kò bá ẹnikẹ́ni jà, ṣùgbọ́n a mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ẹni tí ń wàásù àti ẹni tí ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Olúwa wa kò ṣe bí ẹni tí ó ru ìrora. Ó rù ú ní ti gidi.

Nítorí náà, bí ọmọ bá bi yín léèrè, ẹ má bínú, ẹ má sì purọ́. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ jọ wo fíìmù náà. Ẹ fi hàn án pé wáyà ni, kí ó má baà gun orí àga mọ́. Ẹ sọ fún un pé kò sí ènìyàn tí ń fò. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rẹ́ tí ó dúró ti Jerry àti Joe wà. Obìnrin tí kò fi ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn tí ó ṣubú wà. Ọkùnrin tí kò lè gbé ọwọ́ ara rẹ̀, tí ó sì ń gbé ẹlòmíràn ró, wà.

Nínú fíìmù ọdún 2025 yẹn, oníròyìn kan fara hàn fún ìgbà díẹ̀. Will Reeve ni, ọmọ ọdún 13 ọjọ́sí, tí ó ti di géńdé tí ó sì ń ṣe iṣẹ́ ìròyìn ní ti gidi. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ dá fíìmù dúró díẹ̀, kí ẹ sì sọ fún ọmọ yín ẹni tí bàbá àti ìyá rẹ̀ í ṣe.