Ta Ni Ó Ni Ìbàdàn?

Bí a bá dárúkọ Ìbàdàn, ohun tí ó ń wá sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn ni òrùlé páànù tí ó ti dípẹtà, Gbọ̀ngàn Mápó lórí òkè, àti Ilé Kòkó tí a kọ́ parí ní ọdún 1965. Títóbi ìlú náà mú kí àwọn ọmọ rẹ̀ pàápàá rò pé ìlú àtayébáyé ni. Lóòótọ́, ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ nípa Lágelú àti Ìbàdàn àkọ́kọ́ tí ogun fọ́. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn tí ó wà títí di òní, ibùdó ogun ni.

Ní nǹkan bí ọdún 1829, lẹ́yìn tí ogun ti fọ́ Òwu àti ọ̀pọ̀ ìlú Ẹ̀gbá, àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ dó sí ahoro abúlé Ẹ̀gbá kan ní ẹ̀bá ọ̀dàn, níbi tí igbó ti pàdé pápá. Àgọ́ náà ni ó di ìlú. Ará Ifẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ṣe olórí ibẹ̀. Látòósà, Ààrẹ-ọ̀nà-Kakaǹfò, ará Ìlọrà ni. Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde tí eré onítàn Akínwùmí Ìṣọ̀lá sọ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, ọmọ Ẹ̀gbá ni bàbá rẹ̀. Kì í sì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá: ọ̀pọ̀ ni a mú lẹ́rú lójú ogun, tí wọ́n ro oko àwọn ìjòyè, tí àwọn ọmọ wọn sì di ọmọ ilé níbẹ̀.

Ìdí abájọ nìyí tí oyè Olúbàdàn fi yàtọ̀. Kò sí ìdílé kan ṣoṣo tí ó ni ìtẹ́, àrẹ̀mọ kì í sì í jogún rẹ̀. Mógàjí, olórí agbo ilé, yóò kọ́kọ́ di Jagun, yóò sì máa gun oyè lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, yálà ní ìlà Ọ̀tún tàbí ní ìlà Balógun. Bí Olúbàdàn kan bá wàjà, ìlà kejì ni yóò mú arọ́pò rẹ̀ wá. Ètò yìí ní àléébù: ọ̀pọ̀ ń darúgbó kí wọ́n tó dé ìtẹ́, àwọn mìíràn a sì kú sọ́nà. Àǹfààní rẹ̀ ni pé olúkúlùkù ti mọ ẹni tí oyè kàn kí àyè tó ṣí sílẹ̀. Orúkọ oyè náà pàápàá kò pẹ́ púpọ̀: Baálẹ̀ ni a ń pe olórí Ìbàdàn títí di ọdún 1936.

Síbẹ̀, nígbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ dá ìjà sílẹ̀ láàrin àwọn tí wọ́n pe ara wọn ní ọmọ ìbílẹ̀ àti àwọn Ìjẹ̀bú tí wọ́n wá ṣòwò. Ẹni tí ó mọ ìtàn yóò rí ohun ìyàlẹ́nu níbẹ̀: Ìjẹ̀bú wà lára àwọn tí ó tẹ ibùdó náà dó, àdúgbò Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú sì wà títí di òní. Láàrin onílẹ̀ àti àlejò ní Ìbàdàn, iye ọdún tí oníkálukú ti lò níbẹ̀ ni ìyàtọ̀. Ojú ọ̀nà ni gbogbo wọn gbà wọlé.