Ọkọ̀ Tí Kò Kúrò Lọ́wọ́ Ẹni Tí Ó Tà Á

Kì í ṣe àṣà wa láti máa kó ọ̀rọ̀ ilé wa síta ní ojú ewé yìí. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú wa rí lórí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan, a mọ̀ pé ojú púpọ̀ nínú yín ti rí irú rẹ̀, nítorínáà ni a fi rò pé ó yẹ kí a sọ ọ́.

Àgùdà, ní Sùúrùlérè, ni à ń gbé. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ni ó yá wa ní ìdajì owó ọkọ̀ náà. Ìdajì kejì jẹ́ èyí tí ìyá ilé wa ti ń tọ́jú díẹ̀díẹ̀ láti inú òwò aṣọ. A kò ra tòkúnbọ̀, nítorí a ń fẹ́ ìfọkànbalẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ńlá kan tí ó ń ta ọkọ̀ tuntun, tí ó sì ní ibi àtúnṣe tirẹ̀, ni a lọ. Nwọ́n fún wa ní ìwé ìlérí pé bí ohunkóhun bá bàjẹ́ nínú rẹ̀ kí àkókò kan tó pé, àwọn yíò tún un ṣe láìgba kọ́bọ̀. A fi ìwé náà sínú àpótí, a dúpẹ́, a sì gbàgbé rẹ̀ sí ibẹ̀.

Kò pé oṣù méjì tí jíà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Bí ọkọ̀ náà bá ti gbóná díẹ̀, yíò gbọ̀n, yíò ké, yíò sì kọ̀ láti lọ. A gbé e padà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó gbà wá fi ọ̀wọ̀ kí wa, ó fún wa ní omi tútù, ó sì wí pé, “Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá, kò tó nkan.” Ní ọjọ́ kẹta nwọ́n ní ó ti ṣe. Ó ṣe lóòótọ́, fún ọjọ́ mọ́kànlá. Báyìí ni a ń lọ tí a ń bọ̀ ní ìgbà márùn-ún, títí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wọn fi mọ orúkọ àwọn ọmọ wa.

Ìjákulẹ̀ tí ó tẹ̀lé ìgbà karùn-ún ni ó dùn wá jù. Ìyá wa àgbà ni a ń gbé lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà, èémí kò já geere mọ́. Ní Lawanson, láàrin ariwo àwọn agbèrò, ọkọ̀ tuntun wa dúró bí òkúta. Awakọ̀ dánfó kan tí a kò mọ̀ rí ni ó bẹ àwọn èrò rẹ̀ kí nwọ́n sọ̀kalẹ̀, tí ó sì gbé Ìyá dé ọ̀dọ̀ dókítà. A dúpẹ́ pé ara Ìyá ti yá.

Ní ọjọ́ kejì a fi ìbínú lọ bá ọ̀gá ibi àtúnṣe náà. Ó fetísílẹ̀ dáradára. Lẹ́hìn náà ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì bi wá ní ìbéèrè kan: “Ìgbà mélòó ni ẹ ní ẹ ti gbé e wá? Méjì péré ni ó wà níhìn-ín.” Ìgbà mẹ́ta ìyókù, ẹnu ni a fi sọ ọ́. A fi kọ́kọ́rọ́ lé wọn lọ́wọ́, a kò sì gba ìwé kankan. Ó tún béèrè bóyá ọwọ́ mìíràn ti kan jíà náà. Ojú tì wá. Mẹkáníìkì àdúgbò wa ti wò ó ní ọjọ́ kan, ó sì ti ra òróró jíà sí i ní ọjà Ládípò, ní Mushin. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Àwa tí a wá gba ẹ̀tọ́ wa sì di ẹlẹ́bi lójú ara wa.

A kò sọ èyí láti bu ọjà Ládípò kù. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ń rìn ní Èkó, ibẹ̀ ni ẹ̀yà ara wọn ti wá, mẹkáníìkì wa náà sì mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbàtí ìwé ìlérí bá ṣì wà lórí ọkọ̀, ẹni tí ó bá jẹ́ kí ọwọ́ mìíràn kàn án ti fi àwáwí lé ẹni tí ó tà á lọ́wọ́.

Nígbàtí inú wa rọ̀, a wádìí bí àwọn ẹlòmíràn ti ń ṣe irú ọ̀ràn yìí. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ Connecticut ni ó kọ́kọ́ ṣe òfin fún un, ní ọdún 1982. Òròmbó kíkan ni nwọ́n ń pe ọkọ̀ tuntun tí kò gbọ́ àtúnṣe. Bí a bá tún àbùkù kan náà ṣe nígbà mẹ́rin tí kò san, tàbí tí ọkọ̀ lo ọgbọ̀n ọjọ́ ní ibi àtúnṣe, òfin kà á sí pé ilé-iṣẹ́ ti ní àyè tí ó tó. Ní Gúúsù Áfíríkà, òfin ọdún 2008 wí pé bí a bá tún ọjà ṣe, tí àbùkù rẹ̀ kò sì kúrò láàrin oṣù mẹ́ta, kí ẹni tí ó tà á pààrọ̀ rẹ̀ tàbí kí ó dá owó padà. Ní Ìlú Ọba, òfin tí ó bẹ̀rẹ̀ ní October 1, 2015, gbà kí oníbàárà lè dá ọjà padà bí àtúnṣe ẹ̀ẹ̀kan bá kùnà. Ẹ kíyèsí i pé kíkà ni gbogbo wọn ń kà: ìgbà, ọjọ́, oṣù. Ẹni tí kò bá ní àkọsílẹ̀, kí ni yíò kà?

Ní ilẹ̀ wa, òfin ọdún 2018, tí a fọwọ́ sí ní January 2019, ni ó dá àjọ FCCPC sílẹ̀ láti máa dáàbò bo àwọn oníbàárà. Ó wí pé ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ tí kò dára lè jẹ́ ẹni tí a ó ní kí ó tún un ṣe, tàbí kí ó dá apá tí ó tọ́ nínú owó padà. Àwọn bàbá wa ti wí i ṣáájú: ẹ̀bìtì tí kò pa eku, kí ó fi ẹyìn fún ẹlẹ́yìn. Nítorínáà, ìkìlọ̀ tí nwọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri pé ọjà tí a bá ti rà a kì í gbà á padà, kò lè borí òfin.

A ra ìwé ìkọ̀wé ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan. Ohun tí a rántí nínú ìgbà márùn-ún ni a kọ́kọ́ kọ sí i, pẹ̀lú ọjọ́ tí a rí nínú ìpè tẹlifóònù wa. Nígbàtí a gbé ọkọ̀ náà lọ ní ìgbà kẹfà, a kò fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ títí nwọ́n fi kọ ẹ̀dùn ọkàn wa sí káàdì iṣẹ́. Akọ̀wé náà kọ “àyẹ̀wò gbogbo ara ọkọ̀.” A ní rárá, kí ó kọ pé jíà kò gbé ọkọ̀ nígbàtí ó bá gbóná. Ó bínú díẹ̀, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ kékeré ni èyí, àmọ́ bí káàdì mẹ́fà bá ń wí pé “àyẹ̀wò,” ta ni yíò gbà pé àìsàn kan náà ni ó ń padà wá?

Jíà náà tún kùnà. Nígbànáà ni a kọ lẹ́tà. A ka ìgbà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sí i, a so ẹ̀dà káàdì mọ́ ọn, a ní kí nwọ́n pààrọ̀ jíà náà pátápátá tàbí kí nwọ́n dá owó wa padà, a sì fún wọn ní ọjọ́ mẹ́rìnlá. A mú kí nwọ́n fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà tiwa. Lẹ́tà náà sọ ibi tí a ó lọ bí ọjọ́ náà bá kọjá: FCCPC, LASCOPA, tí í ṣe ti Ìjọba Èkó, tàbí ilé ìlàjà Citizens’ Mediation Centre, tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ ní 1999, tí kì í gba owó. Lẹ́hìn wọn ni ilé-ẹjọ́ àwọn ẹjọ́ kékèké, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 2018 fún gbèsè tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ. Ènìà lè rojọ́ níbẹ̀ láìní lọ́yà, nwọ́n sì ń gbìyànjú láti dájọ́ láàrin 60 ọjọ́. Lẹ́tà ìbéèrè owó ni ó gbọ́dọ̀ ṣáájú ẹjọ́ níbẹ̀. Òótọ́ ni pé owó ọkọ̀ tuntun ju iye yìí lọ dáadáa, ṣùgbọ́n owó àtúnṣe àti owó ọkọ̀ tí ó fa tiwa kúrò ní Lawanson kò jù ú.

Ní ọjọ́ kejìlá nwọ́n pè wá. Nwọ́n pààrọ̀ jíà náà, nwọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ láìjẹ́ pé a béèrè. Ṣùgbọ́n nwọ́n kọ̀ láti san owó ọkọ̀ tí ó fà á, àti èyí tí a fi wọ takisí ní gbogbo ọ̀sẹ̀ wọ̀nyí. Àwa ń fẹ́ lọ sí ilé-ẹjọ́. Ìyá ilé wa ní kí a jẹ́ kí ó lọ, pé ara Ìyá ti yá, ọkọ̀ sì ń rìn. Ilé wa kò tíì fi ohùn ṣọ̀kan lórí èyí. Ìwé ìkọ̀wé náà ṣì wà nínú àpótí iwájú ọkọ̀, pẹ̀lú bírò.