Ìrù Ọ̀rọ̀ Nínú Èdè Látìnì

Àwọn àgbà a máa wí pé láti ọ̀dọ̀ àwọn agégi ni Agége ti rí orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ igi gígé náà ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ lónìí, nítorí pé ohun tí ó ń dẹ́rù ba ọmọ ilé-ìwé jùlọ nínú èdè Látìnì ni ìrù ọ̀rọ̀ tí ń yí padà.

Ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. CMS Grammar School, tí a dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1859, fi Látìnì àti Gíríkì kọ́ àwọn ọmọ wa. Títí di nǹkan bí ọdún 1960 ni Oxford àti Cambridge ń béèrè Látìnì lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ wọlé. Ọmọ tí ó bá kọsẹ̀ níbẹ̀, ọ̀nà ti dí mọ́ ọn. Lónìí pàápàá, àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ àlùfáà nínú Ìjọ Àgùdà ṣì ń kọ́ ọ.

Àwa a máa wí pé: Àgbẹ̀ gé igi. Bí a bá wí pé igi gé àgbẹ̀, a ó di ẹni ẹ̀rín, nítorí pé ipò ọ̀rọ̀ ni ó ń fi ẹni tí ó ṣe nǹkan hàn. Àwọn ará Róòmù wí pé: Agricola arborem caedit. Bí wọ́n bá tilẹ̀ fi igi ṣíwájú, Arborem agricola caedit, àgbẹ̀ náà ni ó ṣì ń gé e. Arbor ni igi tí ó dá dúró. -Em ìparí rẹ̀ ni ó fi hàn pé òun ni a gé.

Mẹ́fà ni ipò tí a máa ń kà: ti olùṣe, ti ẹni tí a pè, ti ohun tí a ṣe nǹkan sí, ti oní-nǹkan, ti ẹni tí a fún, àti ti ohun tí a fi ṣe nǹkan. Igi àgbẹ̀ ni arbor agricolae. Mo fún àgbẹ̀ lówó ni agricolae pecuniam do. Bí àgbẹ̀ bá fi àáké gé igi, securi nìkan ti kó “fi” àti “àáké” pọ̀.

Ẹ kíyèsí i pé agricolae kan náà ni ó ṣe iṣẹ́ méjì. Nítorí náà, ẹni tí ó kọ́ ìrù ọ̀rọ̀ sórí bí ayékòótọ́ yóò ṣìnà. Kí ó bi gbólóhùn léèrè: Ta ni ó ṣe é? Kí ni a ṣe é sí? Ta ni a fún?

Àwọn kan wí pé èdè wa kò ní gírámà nítorí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í yí ìrù padà. Irọ́ ni. Ohun tí Látìnì fi ìrù ọ̀rọ̀ ṣe ni Yorùbá fi ipò ọ̀rọ̀, “fi” àti “fún” ṣe. Ẹ̀yin òbí tí ń san owó ilé-ìwé, ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ sọ gbólóhùn rẹ̀ ní Yorùbá, kí ó mọ iṣẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ó tó wá ìrù tí ó yẹ ẹ́.