Ọ̀wọ́ Atọ́ka nínú Èdè C àti Títo Ọ̀rọ̀ Yorùbá

Bí a bá fi ètò kọ̀ǹpútà to ọ̀rọ̀ fún ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá láìṣe àfikún kankan, ẹja àti ẹsẹ̀ lè bọ́ sẹ́yìn yàrá, kí gbà sì ṣáájú gé. Bẹ́ẹ̀, nínú ábídí Yorùbá, ẹ ni ó tẹ̀ lé e, gb ni ó sì tẹ̀ lé g. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ṣí irú ìwé bẹ́ẹ̀ yóò ní ọ̀rọ̀ tí òun ń wá kò sí níbẹ̀.

Nínú èdè C, tí Dennis Ritchie ṣe ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ọdún 1972, ọ̀wọ́ báìtì ni ọ̀rọ̀, òdo ni ó sì ń fi òpin rẹ̀ hàn. Ọ̀rọ̀ kò gùn bákan náà. Ọ̀ nìkan lè gba báìtì 5. Nítorí náà, àdírẹ́sì àwọn ọ̀rọ̀ ni a sábà ń kó jọ. Àdírẹ́sì bẹ́ẹ̀ ni pointer, èyí tí a lè pè ní atọ́ka.

Ẹni tí ó ń pín ìwé ìpè ìgbéyàwó ní Woji, ní Port Harcourt, kì í gbé ilé kiri. Bí ó bá fẹ́ yí ètò ìrìn rẹ̀ padà, ìwé àdírẹ́sì ni yóò tún tò. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni títo ọ̀rọ̀ rí: atọ́ka ń pààrọ̀ àyè, ọ̀rọ̀ wà lójú kan.

Nígbà tí a bá fi ọ̀wọ́ atọ́ka ránṣẹ́ sí function kan, ibi tí atọ́ka àkọ́kọ́ wà nìkan ni C ń fi rán an. Ìdí nìyí tí char *oro[] àti char **oro fi jẹ́ ọ̀kan náà lójú function tí ó gbà á. Bí a bá lo sizeof níbẹ̀, báìtì 8 ni yóò sọ lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà òde òní, ìbáà jẹ́ ẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ ni a kó jọ. A gbọ́dọ̀ fi iye ọ̀rọ̀ kún un, tàbí kí a fi NULL sí ìparí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, function náà yóò wọ ilé onílé.

Ìfiwéra ni ó kan onímọ̀ èdè jù. qsort, tí C ní fún títo nǹkan, kò mọ ábídí kankan. Function mìíràn tí a fi rán an ni ó ń bi léèrè èwo ni ó ṣáájú. Ibí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà, nítorí pé àdírẹ́sì ibi tí atọ́ka wà ni qsort ń fi lé function yìí lọ́wọ́. A ní láti gba ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ atọ́ka kí a tó kan ọ̀rọ̀. Bí a bá sì gbé ọ̀rọ̀ méjèèjì fún strcmp, báìtì ni yóò fi wéra. Nínú UTF-8, tí Ken Thompson àti Rob Pike gbé kalẹ̀ ní 1992, báìtì àkọ́kọ́ ẹ tóbi ju ti y lọ. Ìyẹn ni ó lé ẹja sẹ́yìn. Function tí ó yẹ Yorùbá gbọ́dọ̀ ka gb sí lẹ́tà kan, kí ó fún lẹ́tà 25 ní nọ́ńbà ipò wọn, kí ó sì pa àmì ohùn tì títí lẹ́tà ọ̀rọ̀ méjèèjì yóò fi dọ́gba. Ìgbà náà ni àmì ohùn yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ ya ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ sọ́tọ̀.