Iyùn Kì Í Ṣe Òkúta: Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Àwòrán Yíyà Lábẹ́ Òkun

1. Ìfáárà

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí òwe yìí ti rí fún ọmọ ènìyàn, bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún àwọn ohun tuntun tí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ń gbé wá bá wa. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ohun kan sínú èdè Yorùbá gbọ́dọ̀ wo ilé tí ohun náà ti wá, kí ó sì wo ilé tí ó ń mú un bọ̀. Èmi tí mò ń kọ àpilẹ̀kọ yìí kò wo ọ̀kankan nínú ilé méjèèjì ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ túmọ̀ ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní coral reef. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ ní "òkúta iyùn", mo sì kọjá lọ.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn èyí, mo wà nínú kíláàsì kan ní Ifẹ̀-Olúkòtún, ní ilẹ̀ Yàgbà ní Ìpínlẹ̀ Kogí, níbi tí olùkọ́ kan ti ń lo ẹ̀kọ́ tí mo túmọ̀ náà. Àwòrán kan wà nínú rẹ̀ tí a yà lábẹ́ òkun: àwọn ẹja aláwọ̀ oríṣiríṣi ń lọ, wọ́n ń bọ̀ láàárín iyùn. Olùkọ́ ní kí àwọn ọmọ dárúkọ gbogbo ohun abẹ̀mí tí wọ́n rí nínú àwòrán náà. Gbogbo wọn dárúkọ ẹja. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tí ó dárúkọ iyùn. Nígbà tí a bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀, ọmọbìnrin kan dìde, ó ní, "Ìwé ni ó wí pé òkúta ni, sà." Ọmọ náà kò jẹ̀bi. Ohun tí mo kọ ni ó kà.

Ète àpilẹ̀kọ yìí ni láti tún àṣìṣe yẹn ṣe, àti láti dá àbá àwọn ọ̀rọ̀-ìperí díẹ̀ tí olùkọ́ àti atúmọ̀ èdè lè lò bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ nípa iyùn àti nípa àwòrán tí a ń yà lábẹ́ omi.

2. Iyùn: ọ̀rọ̀ àtijọ́

A kò lè sọ pé èdè Yorùbá kò ní orúkọ fún ohun tí a ń wí yìí. Iyùn wà lọ́rùn ọba, ó wà lọ́rùn ìyàwó. Ṣùgbọ́n òkèèrè ni ó ti ń wá. Nínú Òkun Mẹditaréníà ni a ti ń wa iyùn pupa tí a fi ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀, àwọn oníṣòwò Yúróòpù ni wọ́n sì ń gbé e wá sí etíkun wa láti ìgbà tí àwọn Potogí ti bá àwọn ará Bìní pàdé ní ìparí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Kí ó tó dé ọwọ́ àwọn baba wa, wọ́n ti gé e, wọ́n ti dán an, wọ́n sì ti lu ihò sí i. Òkú ohun ni ó dé ọ̀dọ̀ wa. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, bí a bá kà á mọ́ òkúta bíi lántànà, òkúta pupa tí àwọn oníṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ Ìlọrin ń gbẹ́.

Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ nípa ohun abẹ̀mí ti jẹ́ kí ó yé wa pé ẹ̀dá tí ó ń jẹ tí ó sì ń bímọ ni iyùn. Ara rẹ̀ rọ̀. Ó ní ẹnu kan ṣoṣo, apá tín-ín-rín tí ó fi ń mú oúnjẹ sì yí ẹnu náà ká. Láti inú omi òkun ni ó ti ń fa èròjà tí ó fi ń ṣe eegun líle fún ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn a máa gbé pọ̀ ní ara kan náà, débi pé ẹni tí ó bá wò wọ́n láti òkèèrè yóò rò pé ohun kan ṣoṣo ni wọ́n. Nínú ẹran ara àwọn tí wọ́n ń kọ́ òkìtì ńláńlá, ẹ̀dá mìíràn tún wà tí ó dà bí ewéko, tí ó kéré ju ohun tí ojú lásán lè rí. Àwọn àlejò yìí ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ, wọ́n sì ń bù nínú rẹ̀ fún onílé wọn. Ìdí nìyí tí irú iyùn bẹ́ẹ̀ fi ń fẹ́ omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí ó tòrò, tí kò sì jìn púpọ̀. Iyùn pupa tí a fi ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ kò sí lára àwọn wọ̀nyí; abẹ́ òjìji àti ibú ni ó fẹ́ràn, kì í sì í kọ́ òkìtì.

Ó hàn gbangba, nítorí náà, pé a kò níláti ju ọ̀rọ̀ náà "iyùn" nù. Ohun tí ó yẹ ni pé kí a fẹ ìtumọ̀ rẹ̀ lójú, kí ó lè gba gbogbo ìran ẹ̀dá yìí, kí a sì ya ohun mẹ́ta sọ́tọ̀: ẹ̀dá náà fúnra rẹ̀, eegun tí ó ń ṣe, àti ohun ńlá tí àkójọ eegun náà ń dà. Fún èkíní, a lè sọ pé "abẹ̀mí iyùn". "Kòkòrò iyùn" kò dára tó, nítorí pé kò sí nínú ìdílé kòkòrò. Ìbátan rẹ̀ kò jìnnà sí àwọn ẹ̀dá olómi tí ara wọn rí gẹ́lẹ́gẹ́lẹ́ nínú òkun. Fún èkejì, "eegun iyùn". Ẹ̀kẹta ni ó gba àròjinlẹ̀.

3. Òkúta, àpáta tàbí òkìtì?

Àpáta pọ̀ ní ilẹ̀ Yàgbà. Ohun tí ọmọ ibẹ̀ mọ̀ nípa àpáta ni pé ó ti wà kí a tó bí baba ńlá òun. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ, kì í dàgbà, kì í sì í kú. Bí a bá sọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pé àpáta kan ń kú lọ lábẹ́ òkun, ẹ̀rín ni yóò fi wa rín. Orúkọ tí a fún nǹkan náà ti di ojú ìmọ̀ mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n ọmọ yìí kan náà mọ òkìtì ọ̀gán ní oko baba rẹ̀. Ó mọ̀ pé ikán kékeré tí ó lè fi ìka kan pa ni ó kọ́ ohun tí ó ga ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Ó mọ̀ pé àwọn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti kú, pé àwọn mìíràn ń bá iṣẹ́ lọ, àti pé aláǹgbá, èèrà àti ejò a máa fi ibẹ̀ ṣe ilé. Gbogbo èyí ni ó bá ohun tí a ń wí mu. Nítorí náà, àbá wa ni "òkìtì iyùn". Òkìtì iyùn tí ó tóbi jù lọ ní ayé, tí ó wà ní etíkun Ọsirélíà, gùn tó kìlómítà 2,300. Ilẹ̀ tí gbogbo òkìtì iyùn ayé gbà kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun, síbẹ̀ àwọn onímọ̀ gbà pé nǹkan bí ìdá mẹ́rin irú àwọn ẹ̀dá inú òkun ni ó fi ibẹ̀ ṣe ibùgbé.

Àfiwé kì í pé tán. Ikán ń ru erùpẹ̀ wá láti ìta ni. Iyùn ń ti ara rẹ̀ yọ ohun tí ó fi ń kọ́lé. Kí olùkọ́ sọ èyí fún àwọn ọmọ ní ọjọ́ kan náà tí ó bá kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ náà.

4. Kámẹ́rà lábẹ́ omi

Bí kì í bá ṣe kámẹ́rà, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ìbá má mọ̀ rárá bí òkìtì iyùn ti rí. Ní ọdún 1893, Louis Boutan, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Faransé, gbé kámẹ́rà tí a dì sínú àpótí wọ omi ní Banyuls-sur-Mer. Ní ọdún 1926, William Longley àti Charles Martin ya àwòrán aláwọ̀ àkọ́kọ́ ti abẹ́ omi ní Dry Tortugas, ní ìhà Florida ní Amẹ́ríkà. Ìwé ìròyìn National Geographic sì tẹ̀ wọ́n jáde ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1927. Ìyẹ̀fun màgnísíọ̀mù tí wọ́n ń sun lórí omi ni ó ń fún wọn ní ìmọ́lẹ̀. Ní ọdún 1943, Jacques-Yves Cousteau àti Émile Gagnan ṣe ẹ̀rọ tí ó jẹ́ kí ènìyàn lè gbé afẹ́fẹ́ tirẹ̀ sẹ́yìn lọ sábẹ́ omi láìsí okùn tí ó so ó mọ́ ọkọ̀.

Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀-ìṣe náà "mòòkùn". Ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ náà yóò sì jẹ́ "amòòkùn". Ohun tí a fi ń bo kámẹ́rà kí omi má baà wọ̀ ọ́, a lè pè é ní "àkọ̀ kámẹ́rà", gẹ́gẹ́ bí a ti ń pe ilé idà ní àkọ̀. Àkọ̀ yìí gbọ́dọ̀ lágbára, nítorí pé ní gbogbo mítà 10 tí amòòkùn bá lọ sísàlẹ̀, omi a máa fi ìwọ̀n kan tí ó dọ́gba pẹ̀lú ti afẹ́fẹ́ orí ilẹ̀ kún agbára tí ó fi ń tẹ̀ ẹ́.

Ìmọ́lẹ̀ pàápàá kì í rin tààrà nígbà tí ó bá ti inú omi bọ́ sínú afẹ́fẹ́ tí ó wà lẹ́yìn dígí kámẹ́rà. Ọmọ tí ó bá ti fi ọ̀pá gún odò rí ti rí i bí ọ̀pá náà ṣe dà bí èyí tí ó ṣẹ́. Ẹni tí ó sì ń fi ọ̀kọ̀ pa ẹja mọ̀ pé ibi tí ojú rí ẹja kọ́ ni ẹja wà. Yíyà bàrá ni ìmọ́lẹ̀ yà, nítorí náà a pe èyí ní "ìyàbàrá ìmọ́lẹ̀". Òun ni ó mú kí ẹja tóbi lójú amòòkùn ní ìdá mẹ́ta ju bí ó ti tó lọ, kí ó sì dà bí ẹni pé ó súnmọ́ ọn ní ìdá mẹ́rin.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé iṣẹ́ yìí kò kan omi tiwa. Lóòótọ́, kò sí òkìtì iyùn gidi ní etíkun ilẹ̀ Áfíríkà láti Sẹ̀nẹ̀gà títí dé Àǹgólà. Ẹrọ̀fọ̀ tí odò ńláńlá bí Ọya ń tú dà sínú òkun ń ba omi jẹ́, omi tútù a sì máa ru sókè láti ìsàlẹ̀ ní àwọn ibì kan. Ní àwọn erékùṣù bíi São Tomé àti Príncipe ni a ti lè rí iyùn, ṣùgbọ́n kò kó ara jọ di òkìtì ńlá. Síbẹ̀, ní oṣù karùn-ún ọdún 2013, ọkọ̀ Jascon-4 rì ní ìhà Escravos. Kámẹ́rà tí ó wà lára amòòkùn tí ó wọlé lọ wá òkú, ní nǹkan bí mítà 30 sísàlẹ̀, ni ó ya ọwọ́ kan tí ó nà jáde láti inú omi rírú. Ọwọ́ Harrison Okene ni, alásè ọkọ̀ náà, ẹni tí ó ti wà láàyè nínú afẹ́fẹ́ díẹ̀ tí ó kù nínú ọkọ̀ fún nǹkan bí wákàtí 60. Òun nìkan ni ó yè nínú àwọn méjìlá. Ẹni tí yóò bá sọ ìtàn yìí ní Yorùbá nílò amòòkùn, ó nílò omi rírú àti omi títòrò, ó sì nílò àwòrán abẹ́ omi.

5. Àwọ̀ tí omi fà mu, àwọ̀ tí ó ṣá

Níhìn-ín ni ewu tí ó tóbi jù wà fún atúmọ̀ èdè. Omi a máa fa ìmọ́lẹ̀ mu, ṣùgbọ́n kì í fa gbogbo àwọ̀ mu bákan náà. Nínú omi tí ó tòrò, pupa ẹ̀jẹ̀ a máa pòórá ní nǹkan bí mítà 5, àwọ̀ ọsàn ní nǹkan bí mítà 10, àwọ̀ ìyeyè ní nǹkan bí mítà 20. Ohun tí ó kù ni àwọ̀ ewé àti àwọ̀ aró. Iyùn tí ó pupa fòò lọ́rùn ọba, dúdú ni ó ń hàn lójú amòòkùn ní ibú. Bí a bá sọ ní ṣókí pé "omi ń fa pupa mu ní mítà 5", a ti ṣi àwọn ọmọ lọ́nà, nítorí pé pupa ti Yorùbá gba ti ẹ̀jẹ̀, ti epo àti ti ìyeyè mọ́ra. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, ó di dandan kí a fi ohun tí ó ní àwọ̀ náà kún un. A pe ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ní "ìfàmu àwọ̀". Ìwòsàn rẹ̀ rọrùn: bí ayàwòrán bá tan fílàṣì súnmọ́ iyùn náà, pupa yóò padà.

Ọ̀nà mìíràn wà tí iyùn fi ń pàdánù àwọ̀ rẹ̀. Bí omi bá gbóná ju bí ó ti máa ń rí lọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìbáà jẹ́ ìwọ̀n kan Sẹ́síọ́ọ̀sì péré, iyùn a lé àwọn àlejò tí ń bọ́ ọ jáde. Nígbà náà ni ara rẹ̀ yóò funfun, nítorí pé eegun ni a ń rí. Kò tíì kú. Bí ooru bá tètè lọ, ó lè sàn. Bí kò bá lọ, yóò kú. A dá àbá "ìṣá iyùn", láti ara aṣọ tí ó ṣá. Ìṣá tí ó kárí ayé ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1998, ní ọdún 2010, àti láti ọdún 2014 sí 2017. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àwọn onímọ̀ kéde ẹ̀kẹrin.

Bí a bá wá fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo túmọ̀ ìfàmu àti ìṣá, ẹni tí ó kà á yóò rò pé iná kámẹ́rà lè wo iyùn sàn. Ìfàmu wà nínú omi; ìṣá wà nínú ara ẹ̀dá. Àwọn amòòkùn tí ń padà lọ ya ibì kan náà lọ́dọọdún ni ẹlẹ́rìí pàtàkì sí ìṣá yìí, ẹ̀rí wọn kò sì wúlò fún ẹni tí èdè rẹ̀ kò lè ya ọ̀kan kúrò lára èkejì.

6. Àtakò kan

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni ọmọ Ifẹ̀-Olúkòtún fẹ́ fi òkìtì iyùn ṣe. Ìkíni wa ni a fi ń pè wá ní Okun. Kì í ṣe pé a wà létí òkun. Ìdáhùn wa ni pé ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì kò mọ ààlà ilẹ̀. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdáwọ́lé ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí kan sáyẹ́ǹsì, kì í ṣe ohun tí ó wà ní àgbàlá nìkan ni wọ́n kọ́ wọn. Bí ọmọ kò bá lè rí ohun kan, ọ̀rọ̀ nìkan ni ojú rẹ̀. Nítorí náà, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ tí a ń fún ọmọ tí ó jìnnà sí òkun tún péye ju ti ọmọ etíkun lọ.

7. Ìgúnlẹ̀

Àwọn ọ̀rọ̀ tí a dá lábàá nìwọ̀nyí:

Abẹ̀mí iyùn: ẹ̀dá kékeré, ara rírọ̀, tí ń ṣe eegun iyùn.
Eegun iyùn: ohun líle tí abẹ̀mí iyùn ń ti ara rẹ̀ yọ.
Òkìtì iyùn: àkójọ eegun iyùn láti ìran dé ìran, pẹ̀lú àwọn alààyè tí ó wà lórí rẹ̀.
Amòòkùn: ẹni tí ń wọ abẹ́ omi ṣiṣẹ́.
Àkọ̀ kámẹ́rà: ilé tí omi kò lè wọ̀, tí a ń fi kámẹ́rà sí.
Ìyàbàrá ìmọ́lẹ̀: yíyà tí ìmọ́lẹ̀ ń yà bí ó bá ń kúrò nínú ohun kan bọ́ sínú òmíràn.
Ìfàmu àwọ̀: bí omi ti ń gba àwọ̀ kúrò nínú ìmọ́lẹ̀.
Ìṣá iyùn: pípàdánù tí iyùn ń pàdánù àwọ̀ rẹ̀ nítorí ìnira.

A kò sọ pé àwọn wọ̀nyí ni òpin. Bí àwọn apẹja Ìlàjẹ tàbí ti Àgbádárìgì bá ní ọ̀rọ̀ tí ó ju "amòòkùn" tàbí "omi rírú" lọ, inú wa yóò dùn láti gbà á lọ́wọ́ wọn. Ní ti "òkúta iyùn", mo bẹ olùkọ́ tí ó bá ṣì ní in nínú ìwé rẹ̀ kí ó fa ìlà sí i. Olùkọ́ Ifẹ̀-Olúkòtún ti fa tirẹ̀. Lójú mi ni ó ṣe kọ "òkìtì iyùn" sójú pátákó, tí ó sì tún ìbéèrè rẹ̀ bi kíláàsì. Ọmọbìnrin náà ni ó kọ́kọ́ nawọ́. Ó dárúkọ iyùn, ó sì bi wá léèrè bóyá a máa ń dun ún tí wọ́n bá lu ihò sí i.