Bí ẹranko tuntun bá dé ọgbà Limbe, kí ló ti ṣẹlẹ̀ nínú igbó? Ìtàn Tinu, Oyin àtàwọn ìnàkí tí onífàyàwọ́ kó kọjá òkun

Ọgbọ̀njọ́, oṣù Kọkànlá, ọdún 2007 ni gòrílà mẹ́rin padà dé sí orílẹ̀-èdè Cameroon lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé wọn káàkiri fún ọdún bíi mẹ́fà. Orúkọ wọn ni Izan, Abbey, Tinu àti Oyin.

Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá yóò ti fura sí orúkọ méjì tó kẹ́yìn yẹn. Lóòótọ́, Nàìjíríà ni wọ́n gbà kó wọn jáde, orúkọ ìlú Ìbàdàn sì wà nínú ìwé tí wọ́n fi rìn.

Ọgbà ẹranko tó wà láàrin ìlú Limbe ni wọ́n kó wọn lọ. Ìlú etíkun ni Limbe, ó wà lẹ́sẹ̀ Òkè Cameroon, kò sì jìnnà púpọ̀ sí ẹnubodè Nàìjíríà.

Ní ọ̀pọ̀ ọgbà ẹranko lágbàáyé, ọjọ́ tí ẹranko tuntun bá dé, ọjọ́ ayọ̀ ni. Àwọn oníròyìn á ya àwòrán, àwọn ọmọdé á tò sẹ́nu ọ̀nà. Ní Limbe, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹranko tó bá wọlé níbẹ̀, wàhálà ló gbé e dé.

Báwo ni gòrílà mẹ́rin ṣe gba Nàìjíríà dé Malaysia?

Ní oṣù Kíní ọdún 2002, ọmọ gòrílà mẹ́rin gúnlẹ̀ sí ọgbà ẹranko Taiping lórílẹ̀-èdè Malaysia. Ọkọ̀ òfurufú gbé wọn gba Johannesburg kọjá.

Ìwé tó tẹ̀lé wọn sọ pé inú ọgbà ẹranko ní Ìbàdàn ni wọ́n bí wọn sí. Gbólóhùn yẹn gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà dá lé lórí.

Àdéhùn àgbáyé kan wà tí wọ́n ń pè ní CITES, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 1973, tó ń darí òwò ẹranko àti ewéko tó ti ń ṣọ̀wọ́n. Àdéhùn yìí kò fàyè gba kí ẹnikẹ́ni mú gòrílà nínú igbó, kó sì tà á sókè òkun. Àmọ́, ó fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún ẹranko tó jẹ́ pé inú ọgbà ni wọ́n bí i sí.

Àyè kékeré yẹn ni àwọn onífàyàwọ́ ń yọ́ gbà. Bí wọ́n bá ti lè kọ ọ́ sínú ìwé pé inú ọgbà ni wọ́n bí ẹranko sí, èyí tí wọ́n jí nínú igbó á di ọjà tó bófin mu.

Ṣùgbọ́n irọ́ yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Gòrílà kan ṣoṣo ló wà ní ọgbà ẹranko Ìbàdàn nígbà náà, abo sì ni, ó ti darúgbó. Kò sí akọ níbẹ̀ tó lè fún un lóyún, ká má tíì sọ pé yóò bí mẹ́rin tí ọjọ́ orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Àjọ International Primate Protection League, tó ń jà fún ààbò àwọn ọ̀bọ àti ìnàkí, wà lára àwọn tó tú àṣírí náà síta. Nígbà tó di ọdún 2004, Malaysia kó àwọn gòrílà náà ránṣẹ́ sí ọgbà ẹranko kan nílùú Pretoria, South Africa. Cameroon ní òun kò gbà, pé inú igbó òun ni wọ́n ti jí wọn, kí wọ́n dá wọn padà. Ó tó ọdún mẹ́ta sí i kí ìyẹn tó ṣeé ṣe.

Kí ló dé tí ọmọ gòrílà kan fi túmọ̀ sí ikú òmíràn?

Oyún oṣù mẹ́jọ ààbọ̀ ni gòrílà máa ń ní. Bó bá bímọ tán, ọmọ náà á mu ọmú fún bí ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin, àyà àti ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ sì ni ilé rẹ̀. Ọdún mẹ́rin sí mẹ́fà ló sábà máa ń wà láàrin ọmọ kan sí èkejì.

Nítorí náà, kò sí bí ọdẹ ṣe lè gba ọmọ náà láàyè bí kò bá kọ́kọ́ pa ìyá. Akọ ńlá tó jẹ́ olórí agbo, èyí tí irun ẹ̀yìn rẹ̀ ti funfun, kì í sábà sá fi ìdílé rẹ̀ sílẹ̀. Òun náà á kojú ìbọn. Ẹran àwọn tó kú á dọjà, ọmọ á sì bọ́ sọ́wọ́ oníṣòwò.

Bí ẹ bá rí ọmọ gòrílà kan nínú àgò, ó kéré tán, òkú kan ti wà nínú igbó. Ìpàdánù yìí kì í sì í tètè dí, nítorí ẹranko tó ń bímọ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún márùn-ún kò lè sáré rọ́pò àwọn tí ìbọn pa.

Kí ni iṣẹ́ ọgbà Limbe?

Ọgbà ẹranko kékeré ló wà ní Limbe tẹ́lẹ̀. Lọ́dún 1993, ìjọba Cameroon àti àjọ Pandrillus sọ ọ́ di ilé ààbò fún ẹranko tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ àwọn arúfin. Peter Jenkins àti Liza Gadsby, ọmọ Amẹ́ríkà méjì, ló dá Pandrillus sílẹ̀. Ìlú Calabar ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1991, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú irú ọ̀bọ ńlá kan tí wọ́n ń pè ní drill. Apá ìlà oòrùn gúúsù Nàìjíríà, ìwọ̀ oòrùn gúúsù Cameroon àti erékùṣù Bioko nìkan ni drill wà nínú gbogbo ayé.

Limbe kì í ra ẹranko. Èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba bá gbà lọ́wọ́ oníṣòwò ló ń gbà, tàbí èyí tí ẹnì kan ń sìn nílé títí ó fi dàgbà tí apá kò ká a mọ́. Ìdí nìyẹn tí gòrílà, ṣinpansí, drill àti oríṣiríṣi ẹyẹ fi wà níbẹ̀.

Ẹranko tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kì í bá àwọn tó kù pàdé lójú ẹsẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ yà á sọ́tọ̀ kí dókítà ẹranko lè yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí ìnàkí lè kó ikọ́ ife àti òtútù lára èèyàn. Ọ̀pọ̀ ló ń gbé ọgbẹ́ okùn tàbí ọta ìbọn dé. Bí ara rẹ̀ bá yá, wọ́n á jẹ́ kó máa wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láti ẹ̀yìn wáyà, díẹ̀díẹ̀, títí wọn yóò fi gbà á mọ́ra.

Àgò tó kún fún odídẹrẹ́

Kì í ṣe ìnàkí nìkan. Odídẹrẹ́, ẹyẹ tí ìkóódẹ rẹ̀ ń dán lórí adé àwọn ọba ilẹ̀ Yorùbá, wà lára àwọn tó ń pọ̀ jù lọ tó ń dé Limbe. Ìgbà mìíràn wà tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn máa ń dé lẹ́ẹ̀kan náà, nínú àpótí tí wọ́n há wọn mọ́, lẹ́yìn tí wọ́n bá gbà wọ́n lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ kó wọn lọ sókè òkun.

Àtè ni wọ́n fi ń mú wọn lórí igi. Àwọn kan ti kú kí àpótí tó ṣí. Àwọn tó yè, wọ́n ti gé ìyẹ́ apá wọn, wọn kò lè fò. Àwọn òṣìṣẹ́ á máa bọ́ wọn, wọ́n á máa tọ́jú wọn fún ọ̀pọ̀ oṣù títí ìyẹ́ tuntun yóò fi hù, kí wọ́n tó tú wọn sílẹ̀.

Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2016 fi hàn pé ní Ghana, odídẹrẹ́ ti dín kù ní ìdá 90 sí 99 nínú ọgọ́rùn-ún láti nǹkan bí ọdún 1992. Lọ́dún 2016 kan náà ni àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú CITES fẹnu kò nípàdé wọn ní Johannesburg pé kí òwò odídẹrẹ́ tí wọ́n mú nínú igbó dópin láàrin orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè.

Ṣé wọn kò lè dá ìnàkí padà sínú igbó?

Odídẹrẹ́ tí apá rẹ̀ bá ti pé lè fò lọ. Ti ìnàkí kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Ìyá ló ń kọ́ ọmọ ní ewé tó ṣeé jẹ àti ewu tó yẹ kó sá fún. Ọmọ tí èèyàn tọ́ kò mọ ìwọ̀nyí, kò sì bẹ̀rù èèyàn. Ó lè gbé àrùn wọnú igbó. Igbó tí ọdẹ sì ti pa ìyá rẹ̀ lè ṣì kún fún ọdẹ.

Nítorí ìdí yìí, ọ̀pọ̀ wọn ni yóò lo ìyókù ayé wọn nínú ọgbà. Gòrílà sì lè lo ogójì ọdún.

Ìtàn Nyango jẹ́ ká rí ohun tí ọgbà kò lè ṣe. Ẹ̀yà gòrílà Cross River ni, èyí tí iye rẹ̀ kò tó 300 mọ́ nínú igbó tó wà ní ààlà Nàìjíríà àti Cameroon. Limbe ni Nyango gbé títí tó fi kú lọ́dún 2016. Òun nìkan ṣoṣo ni irú rẹ̀ tó wà lábẹ́ ìtọ́jú èèyàn. Bí gòrílà Cross River bá tán nínú igbó lónìí, kò sí ọgbà kankan tí a ti lè rí irúgbìn rẹ̀ mú.

Ewé, owó àti àwọn ará ìlú

Ojoojúmọ́ ni ẹranko ń jẹun, pàápàá gòrílà tí ewé jẹ́ olórí oúnjẹ rẹ̀. Ọgbà Limbe ṣètò kan pẹ̀lú àwọn ará abúlé Batoke tó wà nítòsí pé kí wọ́n máa já ewé wá tà fún ọgbà. Àwọn tó ti ṣe ọdẹ rí wà lára wọn. Ọwọ́ tó ń yìnbọn tẹ́lẹ̀ wá ń bọ́ ẹranko, owó sì ń wọlé.

Àmọ́, nǹkan kò rọgbọ. Láti ìgbà tí rògbòdìyàn ti bẹ́ sílẹ̀ ní agbègbè tí wọ́n ti ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Cameroon, àlejò kò wá bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ni àrùn Kòrónà tún dé. Bí owó àbáwọlé bá sì dín, ebi kò dín.

Ìwọ̀n tí ọgbà bíi Limbe lè ṣe ni láti gba èyí tó bá yè. Ọwọ́ ẹni tó ń ra ẹranko ni òpin ọ̀rọ̀ náà wà. Bí ẹnì kan bá fi ọmọ ìnàkí hàn yín, ìbáà jẹ́ lọ́jà, ìbáà jẹ́ lórí Facebook, tó sì ní inú ọgbà ni wọ́n bí i sí, ẹ bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ìyá rẹ̀ dà?