Ta Ni Wọ́n Máa Fi Jẹ Súpáfáísọ̀?

Géètì Jákáńdè ni mo ti bọ́ sílẹ̀ nínú kórópe, mo fẹsẹ̀ rìn kọjá kánáàlì Òkè-Àfà. Inú omi yìí ni èrò tó ń sá fún bọ́ǹbù bárékè sójà Ìkẹjà rì sí ní ọjọ́ 27, oṣù Kìíní, 2002. Mi ò lè sáré kọjá níbẹ̀. Níwájú, ọkọ̀ agbépo tò sẹ́bàá títì nítorí ibùdó epo NNPC, kẹ̀kẹ́ Márúwá ń wá ibi tó máa gbà.

Káńsù Èjìgbò ni mò ń lọ. Wọ́n ti dìbò oṣù Keje 2025 tán, alága ti wà. Ó ku àwọn súpáfáísọ̀ tó máa bá a ṣèjọba.

Lẹ́nu géètì, bàbá kan tú bébà tó ká sí mẹ́rin. Orúkọ mẹ́fà, bírò búlúù. Wọ́n ti fa igi lé méjì.

“Bàbá, àdúgbò tiwa ò sí níbẹ̀,” ni ọmọkùnrin kan wí.

“Fara balẹ̀ jàre. Wọn ò tíì pín in tán.”

APC ló gba àga alága káńsù 57 Èkó pátá, kò sí ẹgbẹ́ míì tí wọ́n fẹ́ bá pín nǹkan. Ṣùgbọ́n agbo pọ̀ nínú ẹgbẹ́ kan náà: ti bàbá ìsàlẹ̀ yìí, ti tọ̀hún, ti àwọn tó pàdánù tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gbọ́dọ̀ rẹ̀ lẹ́kún. Ìjọba àjùmọ̀ṣe nìyẹn, ohun yòówù kí wọ́n pè é. Nígbà tí Tafawa Balewa kó ẹgbẹ́ òṣèlú NPC, NCNC àti Action Group sínú ìjọba kan ní 1957, aráyé kúkú mọ agbo tí oníkálukú ti wá.

Mo bi bàbá níbi tí owó tí wọ́n máa ná ti ń wá.

“Ìyẹn kọ́ la bá wá síbí, ọmọ mi.”

Ìbéèrè owó yẹn nídìí. Ní 2003 ni Gómìnà Bọ́lá Tinúbú gé Èjìgbò kúrò lára Òṣòdì-Ìsọlọ̀, òun àti káńsù 36 mìíràn tó dá sílẹ̀ ní Èkó. Wọ́n dìbò síbẹ̀ ní oṣù Kẹta 2004, ni Ààrẹ Ọbásanjọ́ bá di owó ìjọba ìbílẹ̀ Èkó mú. Ní oṣù Kejìlá, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní ààrẹ ò láṣẹ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn káńsù náà ò tíì múlẹ̀ tán, àfi bí ilé aṣòfin Àbújá bá ṣe tiwọn. Àbújá ò tíì ṣe é. Ìjọba ìbílẹ̀ 774 ló wà nínú òfin Nàìjíríà, Òṣòdì-Ìsọlọ̀ wà níbẹ̀, Èjìgbò ò sí.